Ẹni Tó Máa Tẹ Fóònù Ni Kí Ẹ Wò

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ síta pé inú ń bí mi. Wọ́n ní àgbà tó ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́ máa ń jókòó jẹ́ẹ́ ni, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, á máa ṣàdúrà fọ́mọ ọlọ́mọ. Èmi ò lè ṣèyẹn lónìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ yunifásítì méjì tó ń gbé nínú ọgbà wa ní Ìbà wá kí mi. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ́, wọ́n fẹ́ kí n gba àwọn nímọ̀ràn. Kí n tó gbé omi fún wọn, ìjà ti bẹ́. Ọ̀kan ní áàpù néétìfù nìkan lẹni tó mọṣẹ́ ń ṣe, èkejì ní háíbírìdì ló kù láyé. Wọ́n fà á títí, àfi bí ẹni ń jà lórí bọ́ọ̀lù. Mo wá bi wọ́n pé, "Ta lẹ ń ṣe áàpù ọ̀hún fún?" Àwọn méjèèjì wò mí bí ẹni pé mo bú wọn.

Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Orúkọ mi ni Modúpẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó bá mi ṣiṣẹ́ ń pè mí ní Màmá Kóòdù. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà àti fóònù, láti Okokomaiko dé Ìbà, n kò fi agbègbè Ọ̀jọ́ sílẹ̀ rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò ó bóyá kẹ́ ẹ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣe é, tó gbayì nídìí ẹ̀, tó sì tún fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilé iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ débi tí díẹ̀ ló kù kó wó.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá mi, tíṣà ará Èkìtì, gbọ́ pé ọkùnrin ará Oǹdó kan wà ní Okokomaiko tó ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó mú mi lọ bá a. Owó tí mo ń gbà níbẹ̀ kò ju owó ọkọ̀ lọ, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá Akínṣọlá lorúkọ ọkùnrin náà. Ó ti bá báńkì ṣiṣẹ́ rí kó tó dá dúró. Yàrá méjì ló háyà lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lójú ọ̀nà Bàdágìrì, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀, ó fi aṣọ funfun bò ó bíi tábìlì àlùfáà. Oṣù mẹ́ta gbáko, n kò fọwọ́ kàn án. Inú ìwé là ń kọ gbogbo ẹ̀ sí, lẹ́tà lẹ́tà, ká tún wá kà á sókè sétí ọ̀gá. Tó o bá gbàgbé kọ́mà kan, odidi ojú ìwé lo máa tún kọ. Mo sunkún nílé ọkùnrin yẹn ju bí mo ṣe sunkún lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ mi lọ.

Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé. Mo kọ ètò kan fún ọsibítù kékeré kan ní Ijanikin, èyí tí nọ́ọ̀sì máa fi kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ìwé náà fún ọ̀gá.

Ó bi mí pé, "Ta ló máa tẹ̀ ẹ́?"

"Nọ́ọ̀sì ni, sà."

"Ṣé ó ń lo awò ojú?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Ọwọ́ ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ọwọ́ ẹ̀ máa ń gbẹ, àbí ó máa ń tutù?"

Mo rò pé ó ń bá mi ṣẹ̀fẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ni bàbá yìí bá fa ìwé mi ya sí méjì.

Ó ní, "Máa lọ sí Ijanikin. Jókòó ti nọ́ọ̀sì yẹn fọ́jọ́ mẹ́ta. Má bi í ní nǹkan kan o! Tó o bá bi èèyàn bóyá iṣẹ́ ẹ dáa, á bọ̀wọ̀ fún ẹ, á ní ó dáa. Wò ó ni kó o wò ó. Ẹni tí a ń bá ná ọjà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà."

Mo lọ, mo ń bú u nínú lọ. Kí ni mo rí níbẹ̀? Nítorí eruku, wọ́n ti fi náílọ̀n bo kíbọ́ọ̀dù, lẹ́tà orí ẹ̀ ò hàn dáadáa mọ́. Nọ́ọ̀sì náà kì í bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà ọwọ́ ẹ̀, ìdí bírò ló fi ń tẹ lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ètò tí mo kọ sì fẹ́ kó máa tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí bírò kan ṣoṣo! Mo padà wálé, mo tún gbogbo ẹ̀ kọ, bọ́tìnnì kan fún iṣẹ́ kan. Ọ̀gá kà á tán, kò yìn mí, ó kàn bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé mo ti yege nìyẹn.

Irinṣẹ́ wa yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí èmi gan-an ò fi mọ iye ìgbà tí mo tún iṣẹ́ kọ́. Mo lo dísíkẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tí à ń kó iṣẹ́ pa mọ́ sí, èyí tí oòrùn bá ti pa báyìí, iṣẹ́ oṣù kan ti lọ. Mo lo kọ̀ǹpútà tí èèyàn méjì ń gbé gun àtẹ̀gùn. Ọ̀gá Akínṣọlá kú lẹ́nu iṣẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, èmi náà sì ṣí ọ́fíìsì tèmi ní Ìbà, lókè ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì. Lẹ́yìn náà ni fóònù tí à ń fìka rá ojú ẹ̀ gbòde, gbogbo oníṣòwò bá ń pariwo pé àwọn fẹ́ áàpù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí àwọn ọmọ yìí ń torí ẹ̀ jà, kò le rárá. Fóònù Áńdíróòdù ní èdè tiẹ̀, àìfóònù náà ní èdè tiẹ̀. Tó o bá kọ áàpù lọ́tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní èdè tiẹ̀, néétìfù nìyẹn. Ó dà bí aṣọ tí télọ̀ wọn fún ọ: ó bá ara mu, ṣùgbọ́n rírán lẹ́ẹ̀mejì ni, títún ṣe náà lẹ́ẹ̀mejì ni. Tó o bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí fóònù méjèèjì ń lò ó, háíbírìdì nìyẹn. Ó yá, kò náni lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ inú ẹ̀ bá wúwo, ó lè máa wọ́ tuurutu. Èwo ló dáa jù? Ẹni tó bá dá yín lóhùn láì kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó máa lò ó, òpùrọ́ ni.

Mo ti ṣe néétìfù tó dáa rí, fún ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan lọ́nà Navy Town. Kámẹ́rà fóònù ló ń ka àmì ara ìgò ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fóònù náà ló sì ń rán iṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan láì sí wáyà. Irú fóònù kan náà sì ni gbogbo òṣìṣẹ́ wọn ń lò. Háíbírìdì tá a kọ́kọ́ gbé débẹ̀ kàn ń dákú ni, néétìfù ló yanjú ẹ̀. Nítorí náà n kì í ṣe ọ̀tá néétìfù. Ìgbéraga ni mo ń bá jà, tèmi ló sì ṣáájú.

Ìyá Gbénga lọ̀rẹ́ mi nínú ìjọ. Òun ló ni ilé búrẹ́dì kan lójú ọ̀nà Ìbà, ààrò ńlá méjì ló wà níbẹ̀. Alágbàtà tó lé lógójì ló ń gba búrẹ́dì níbẹ̀ lọ tún tà, láti Okokomaiko dé Ijanikin. Nírọ̀lẹ́, kálukú wọn á fi fóònù pè, á sọ iye tó fẹ́, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀, Bàbá Sùúrù á sì po fíláwà níwọ̀n bí ìwé ṣe wí. Bàbá Sùúrù yìí lolórí àwọn tó ń po fíláwà, ó ti wà níbẹ̀ látìgbà tó jẹ́ ààrò alámọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ìṣòro wọn ni pé ìpè ń kọlu ìpè nírọ̀lẹ́, akọ̀wé ń ṣi iye gbọ́. Ìyá Gbénga ní kí n ṣe áàpù tí àwọn alágbàtà á máa fi béèrè búrẹ́dì.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé àbá mi pé háíbírìdì fífúyẹ́ ló yẹ wọ́n. Bá a ṣe jókòó láti sọ̀rọ̀ ni Gbénga ọmọ ẹ̀ wọlé, ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ńlá kan ní Erékùṣù Èkó. Ó wo ìwé mi, ó yínmú.

Ó ní, "Màmí, háíbírìdì yìí ò síríọ́ọ̀sì o. Néétìfù làwọn kọ́ńpìnnì ńlá ń lò." Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ má bínú o, mà. Àbí ẹ̀yin àgbà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ néétìfù ni?"

Ojú ìyá ẹ̀ ló ti sọ ọ́, ojú àwọn òṣìṣẹ́ mi náà. Ó gbóná lára mi. Dípò kí n rẹ́rìn-ín, mo ní, "Néétìfù lo fẹ́? Wàá rí néétìfù."

Nígbà tá a dé ọ́fíìsì, Rótìmí, igbákejì mi, rọra sọ pé, "Mà, ṣé ká má kọ́kọ́ lọ wo àwọn alágbàtà yẹn ná?"

Mo ní, "Wo kí ni? Ọmọ àná bú mi, ìwọ ń sọ fún mi pé kí n lọ máa wo oníbúrẹ́dì?" Rótìmí padà sídìí kọ̀ǹpútà ẹ̀, kò tún sọ ọ́ mọ́.

Oṣù gorí oṣù. Ti àìfóònù la kọ́kọ́ parí, nítorí pé òun ni Ìyá Gbénga ń lò, òun ló sì máa gbé e han aráyé. Ti Áńdíróòdù, a sáré ṣe é ni. Ó wúwo, fóònù tuntun ló sì ń fẹ́. Lọ́jọ́ tá a ṣí i, gbogbo wa pé jọ sí ọgbà ilé búrẹ́dì, mo wọ léèsì mi. Pásítọ̀ gbàdúrà sí i. Ìyá Gbénga tẹ fóònù ẹ̀, àwòrán búrẹ́dì ń yí po lójú ẹ̀, a pàtẹ́wọ́ títí. Mo wá kọjú sí àwọn alágbàtà, èmi tí wọ́n fa ìwé mi ya nítorí irú ẹ̀, mo bi wọ́n pé, "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù tiyín?"

Wọ́n fohùn ṣọ̀kan: "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mà! Ẹ kú iṣẹ́, mà!"

Mo gbà wọ́n gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Gbénga ní kí wọ́n pa fóònù akọ̀wé, kí gbogbo èèyàn lè fara mọ́ áàpù. Iye búrẹ́dì tí wọ́n ń béèrè wá ń já wálẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Gbénga wo iye náà lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó ní, "Màmí, fígọ̀ kì í parọ́. Ọjà ti kú, ẹ dín àwọn èèyàn kù." Wọ́n pa ààrò kan. Wọ́n ní kí àwọn mẹ́rin tó ń po fíláwà máa lọ sílé, Bàbá Sùúrù ló sì ṣáájú, nítorí pé òun ló dàgbà jù. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń jáde. Ó ká épúróònù ẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sọ ju ìyẹn lọ. Ìyá Gbénga sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé tó bá fi máa tó oṣù méjì báyìí, ààrò kejì náà á kú, òun á sì ti ilẹ̀kùn.

Ìyá Ruth ló tú àṣírí náà. Ègùn ni, ìkóríta àdúgbò mi ló ti ń ta búrẹ́dì, ọ̀kan lára àwọn tó pariwo "ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa" ni. Mo lọ ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wo náílọ̀n ẹ̀, orúkọ ilé búrẹ́dì mìíràn ni mo rí.

"Ìyá Ruth, kí la fi ṣẹ̀ yín?"

Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ má bínú, Màmá. Fóònù mi ò gbà á."

"Èwo ni ò gbà á?"

"Áàpù yín. Ó ní ibi tóun máa jókòó sí ti kún. Mo dé ẹnu géètì láàárọ̀, wọ́n ní mi ò béèrè, pé kò sí tèmi. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n dá mi padà, mà. Àwọn ọmọ mi gbọ́dọ̀ jẹun, mo bá lọ síbòmíì."

"Ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín sọ fún mi pé ó ń ṣiṣẹ́!"

Ó wò mí tìyanu tìyanu. "Háà, Màmá. Pásítọ̀ ti gbàdúrà sí i. Ẹ ti wọ léèsì. Ṣé èmi ló yẹ kí n dójú tì yín láàárín èrò?"

"Ẹ̀yin mélòó ló rí bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀pọ̀ wa ni, mà. A kàn ń bo àṣírí yín ni."

Ẹ̀yin èèyàn, inú bí mi débi pé mo gbàgbé búrẹ́dì sórí tábìlì ẹ̀. Mo bínú sí Ìyá Ruth àti gbogbo wọn, pé irú ọ̀wọ̀ wo ló ń ba nǹkan jẹ́ báyìí? Mo bínú sí Rótìmí pé ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì panu mọ́. Mo bínú sí Gbénga tó wo fígọ̀ tí kò wo ẹnu géètì. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rìn lọ sílé, mo rí i pé èmi ni gbogbo ìbínú náà ń padà bọ̀ wá bá. Ta ló pa Rótìmí lẹ́nu mọ́? Ta ló béèrè ohun tí Ọ̀gá Akínṣọlá ní kí n má béèrè láéláé? Ìwà wa ni pé a kì í sọ fún àgbà lójú agbo pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fi ìwé yíya kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu Gbénga kan ṣoṣo ló mú mi gbàgbé.

Mo lọ bá Ìyá Gbénga, mo jẹ́wọ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n ṣí fóònù akọ̀wé padà, àwọn alágbàtà sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá díẹ̀díẹ̀. Èmi gbé àga kékeré kan lọ sẹ́nu géètì, mo jókòó ti àwọn alágbàtà fọ́jọ́ mẹ́ta. N kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Mo rí fóònù tójú ẹ̀ ti sán. Mo rí èyí tí fídíò ìwàásù àti fọ́tò ọmọ ti gba gbogbo inú ẹ̀. Mo rí i pé ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ kejì di agbọ̀n lórí mú. Mo rí i pé wọn kì í tan dátà títí di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́, wọ́n á sì tún sáré pa á.

Rótìmí ló kọ háíbírìdì náà, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oríṣiríṣi fóònù làwọn obìnrin yìí ń lò, kò sí iṣẹ́ kámẹ́rà níbẹ̀, tí nǹkan bá sì bàjẹ́, ó yẹ kí àtúnṣe dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà. Bọ́tìnnì gbàgàdà mẹ́ta péré ló ní, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí, á di iye náà mú títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dé. Ẹ̀yin ọmọ méjì tẹ́ ẹ jà ní pálọ̀ mi, ìdí tó fi jẹ́ háíbírìdì nìyẹn. Ẹnu géètì ló sọ ọ́ fún mi, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ó wá ku Bàbá Sùúrù. Èmi àti Ìyá Gbénga lọ bá a ní Ijanikin, ó ń ro oko ẹ̀gẹ́ kékeré kan lẹ́yìn ilé. Àwa méjèèjì kúnlẹ̀ sínú ebè, a bẹ̀ ẹ́. Ó dúró, ó fi ọwọ́ ti ọkọ́.

Ó ní, "Ọjà ò kú nígbà kankan. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí àwọn obìnrin yẹn lẹ́nu géètì, tí wọ́n ń padà lọ́wọ́ òfo."

Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?"

Ó wò mí. "Ẹ ò bi mí. Fóònù lẹ bi."

Ó ní òun á padà, òun àti àwọn mẹ́ta yòókù, ṣùgbọ́n kò ní sí àdúrà, kò ní sí àtẹ́wọ́, títí òun á fi fọwọ́ ara òun tẹ nǹkan tuntun náà lójú gbogbo èèyàn. Ìyá Gbénga gbà.

Lọ́jọ́ tó máa tẹ̀ ẹ́, gbogbo wa dúró yí i ká nídìí ààrò tí wọ́n ti pa, Ìyá Gbénga, Gbénga, Rótìmí, Ìyá Ruth àti àwọn alágbàtà yòókù. Àǹkárá ilé lásán ni mo wọ̀. Mo gbé fóònù lé Bàbá Sùúrù lọ́wọ́, mo ti ṣí i sí ibi tó ti máa rí iye búrẹ́dì tó yẹ kó po fíláwà fún. N kò bi í ní nǹkan kan. Fíláwà wà níka ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Ó nu ìka sára épúróònù, ó tún un tẹ̀, kò dáhùn. Gbénga la ẹnu, mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Mo rí i lójú Ìyá Ruth pé ó ti fẹ́ sọ pé "ó ń ṣiṣẹ́, sà."

Bàbá Sùúrù na fóònù náà padà sí mi.

Ó ní, "Modúpẹ́, kò ṣiṣẹ́."

Látìgbà tí Ọ̀gá mi ti kú, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lójú agbo rí. Mo kúnlẹ̀ sórí fíláwà tó dà sílẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo wá ní kí Rótìmí bá mi mú ìwé àti bírò wá, ká tún un kọ.